Alẹ́ méjì nínú àgọ́ lẹ́yìnkùlé ìlú wa: igi, iná àti oúnjẹ

Oṣù Kejìlá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárọ̀. Àwọn ọmọ kò béèrè aṣọ ọdún mọ́. Àgọ́ ni wọ́n ń béèrè: ìgbà wo la máa lọ, ta ló máa dáná, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí àwọn náà ki igi bọná? Ètò náà kò le. Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ó kúrò ní Ìlọrin, a ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá sí apá Òmù-Àrán, a ó pa àgọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ilé ìdílé, a ó sùn níbẹ̀ ní alẹ́ méjì. Oúnjẹ tí a bá jẹ, orí igi ni a ó ti sè é.

Ìyá àgbà yòówù tó bá wà nílé máa rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, iná igi kọ́ ni ohun àrà; èèyàn tó fi yàrá sílẹ̀ tó lọ sùn nínú aṣọ ni àrà. Òótọ́ ló wí. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí á fetí sí àwọn tó ti ń dáná igi láti kékeré ju fídíò orí fóònù lọ. Fídíò á máa fi ọwọ́ iná tó ń jó lala hàn yín. Ẹyin iná ló ń se oúnjẹ. Bí ẹ bá di èyí mú, ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, àlàyé lásán ni.

Kí ló dé tí kì í ṣe inú igbó? Nítorí ààbò ni. Igbó apá gúúsù Kwárà kì í ṣe ibi tí ìdílé ń sùn mọ́jú lákòókò yìí. Ẹ̀yìnkùlé tó ní ọgbà, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga kò jìnnà sí, ti tó àgọ́ fún ọmọdé. Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ kí àwọn àgbà agboolé, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn fijilanté mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, kí wọ́n má baà rí iná lóru kí wọ́n máa wá wádìí. Omi Òwú tó ń já láti orí àpáta ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni tirẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò bí ọ̀nà ṣe rí. Ní ti ọ̀sán Sátidé, Èsìẹ́ ló sún mọ́ wa jù: àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún wà níbẹ̀, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ kàn ṣáájú béèrè bóyá wọ́n máa ṣí lọ́jọ́ náà.

Àgọ́

Ilẹ̀ wa nígbà ọyẹ́ le bí òkúta. Èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá àgọ́ wá láti ilé ìtajà máa tẹ̀ kó tó wọlé. Ohun méjì ló ń gbà wá: ẹ ra ìṣó gígùn onínṣì mẹ́fà méjìlá dípò èèkàn yẹn, kí ẹ sì bá ẹnì kan nílé sọ̀rọ̀ kó da omi sí ibi tí èèkàn máa wà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Títí ẹ ó fi dé, ilẹ̀ á ti rọ̀. Ẹ so ìrépé aṣọ funfun mọ́ okùn àgọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọdé tó ń sáré lọ tọ̀ ní òru kì í wolẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú afẹ́fẹ́ kí ẹ tó yan ibi tí àgọ́ máa wà. Láti àríwá ìlà oòrùn ni ọyẹ́ sábà máa ń fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ilé àti ògiri lè yí i padà. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ eruku, ẹ jẹ́ kó dà sílẹ̀ láti ìka yín, kí ẹ wo ibi tó forí lé. Ìhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni àgọ́ ń wà, ìhà tó ń lọ ni iná ń wà, àlàfo mítà márùn-ún ó kéré tán sì wà láàárín wọn. Aṣọ àgọ́ jẹ́ irú ọ̀rá kan: ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ti tó láti lu ihò sí i, ẹ̀fọn kò sì nílò ju ihò kan lọ.

Òtútù ọyẹ́ ń ti ilẹ̀ wá ju ti òkè lọ. Ẹní kan kò tó. Ẹ tẹ́ páálí sísàlẹ̀, ẹ tẹ́ ẹní lé e, kí ẹ tó wá gbé tìmùtìmù tàbí aṣọ òkè tó nípọn lé gbogbo rẹ̀. Bàtà gbogbo èèyàn á sùn sínú àgọ́, wọn á sì gbọ̀n ọ́n láàárọ̀ nítorí àkeekèé.

Igi àti ààrò

Ayin ni ọ̀gá igi ìdáná lágbègbè wa. Ó le, ó ń jó pẹ́, ẹyin iná rẹ̀ kì í tètè di eérú. Bí ayin kò bá sí, mángòrò tó gbẹ dáadáa ń ṣe é. Àràbà fúyẹ́, ó kàn ń rú èéfín lásán ni. Ọparun má tiẹ̀ sún mọ́ iná o: afẹ́fẹ́ tó há sáàárín oríkèé rẹ̀ á gbóná, á sì bú gbàù. Pákó ilé tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n fi oògùn ikán sí náà kò dára, èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń sun ẹran jẹ.

Láti mọ̀ bóyá igi gbẹ, ẹ mú méjì, ẹ fi gbá ara wọn. Èyí tó gbẹ á ró kàn-kàn-kàn. Èyí tó tutù á dún bọ̀ bí ẹni lu àpò gààrí. Ẹ tún wo orí igi: èyí tó gbẹ á ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìdì igi méjì, tí obìnrin kan lè fi orí ru ọ̀kọ̀ọ̀kan, máa tó èèyàn mẹ́jọ fún alẹ́ méjì àti òwúrọ̀ méjì. Ẹ gbé ọ̀rá èédú kékeré kan dání fún ìgbà tí iná bá fẹ́ dójú tì yín níwájú àlejò.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bí òkúta rẹ̀ bá dọ́gba. Ẹ wá òkúta mẹ́ta tó ga tó ìbú ọwọ́ kan, kí ẹ ri ìdí wọn díẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ ti ṣà wọ́n. Òkúta inú odò tàbí ẹ̀bá ìṣàn ti mu omi sínú. Bí iná bá rà á, omi yẹn á di ooru tí kò ríbi jáde, òkúta náà á fọ́, ẹ̀rún rẹ̀ á sì fò sójú èèyàn. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì náà ń sán, ó sì máa ń dà nù pẹ̀lú ìkòkò lórí. Kí ẹ tó tò wọ́n, ẹ ro koríko àti ewé kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta yí ká. Ẹ gbé garawa omi kan àti garawa yanrìn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi wọn wẹ ọwọ́.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ìyá wa kì í gbàgbé tí àwa ń gbàgbé: ẹ fi ọṣẹ tó tutù pa ẹ̀yìn ìkòkò kí ẹ tó gbé e kaná. Èédú ara rẹ̀ á bá ọṣẹ náà lọ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kànrìnkàn irin ló kàn.

Iná

Ẹ̀kúnwọ́ ìhá ẹyìn kan ni ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, haríhá tàbí pòròpòrò gbígbẹ tí ẹ ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ to ìṣẹ́pẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ lé e, kó má há jù, kí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá ni ẹ ti ń ṣá a, kí ọwọ́ iná lè wọ inú igi dípò kó sá kúrò nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́pẹ́ bá ti gbiná ni ẹ ó fi igi tó tó ìka bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ti ọrùn ọwọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn di igi ńlá lé ìhá lójú ẹsẹ̀. Yóò rú èéfín, yóò kú, ẹni tó dá a á sì máa wá kẹrosíìnì kiri. Kẹrosíìnì á rùn wọ inú ẹran. Bẹntiró ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun ìdáná rárá: ooru rẹ̀ tí ojú kò rí á ti tàn kálẹ̀ kí ẹ tó ṣáná, ojú èèyàn ló sì máa ń kọ́kọ́ jó.

Kò ní tíì ju agogo mẹ́fà àbọ̀ lọ tí oòrùn oṣù Kejìlá á ti wọ̀ níbí. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun kí àwọn ọmọ tó máa sùn lórí ìjókòó, agogo mẹ́rin àbọ̀ ni kí iná ti máa jó. Wákàtí kan gbáko ni ẹ ó fi sun igi ṣáá láìgbé nǹkan kankan kaná. Ó máa ń dun àwọn tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ni ẹ ń san yẹn. Nígbà tí igi bá ti di ẹyin iná pupa tí eérú funfun bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ wọ́ ọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: òkìtì ńlá sábẹ́ ìkòkò, èyí tó fẹ́lẹ́ sábẹ́ wáyà ìsun-ẹran, kí igi mìíràn sì máa jó ní ìhà kejì láti pèsè ẹyin iná tuntun.

Láti mọ bí ó ṣe gbóná tó, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí òkè iná, níbi tí ìdí ìkòkò máa wà gan-an, kí ẹ máa kà á ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá fa ọwọ́ yọ kí ẹ tó ka ẹ̀ta, omi nìkan ni ibẹ̀ lè sè. Bí ẹ bá ka márùn-ún sí mẹ́fà, ẹja àti adìyẹ ti rí àyè. Bí ẹ bá ka mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ìrẹsì lè dákẹ́ síbẹ̀.

Alẹ́ Jímọ̀: iṣu àti ẹja

Alẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti oúnjẹ ńlá, nítorí àgọ́ pípa á ti jẹ àkókò. Iṣu funfun méjì tó tó kìlò méjì-méjì máa tó. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta láìbó o, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin iná, kì í ṣe àárín, kí ẹ máa yí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Yóò gbà tó ìṣẹ́jú 45. Ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá wọlé tí kò kọsẹ̀ ni ẹ̀rí. Ẹ wá fi ọ̀bẹ ha èèpo tó jó náà kúrò, títí ẹ ó fi rí àwọ̀ wúrà tó le díẹ̀. Ibẹ̀ ni adùn wà, ẹ má ha á tán. Epo pupa, iyọ̀ àti ata gígún ti tó o. Ewùrà kò yẹ fún èyí: omi rẹ̀ pọ̀, á kàn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni.

Ẹja àrọ̀ kìlò kan ń gba bí ìṣẹ́jú 35 nínú fọ́ìlì. Ẹ fi iyọ̀ fọ ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ dànù, ẹ sán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ata lè wọlé, ẹ wé e ní ìpele méjì. Bí ìpele kan bá ya, omi ẹja á kán sínú iná, eérú á sì fò sí i. Ẹja ti jinná nígbà tí ẹran bá ń ṣí kúrò lára eegun àárín láìfi agbára fà á.

Alẹ́ Sátidé: ìrẹsì, adìyẹ, wàrà

Láàárọ̀, ẹ má dààmú ara yín. Àkàrà alákàrà ìlú dùn ju èyí tí ẹ máa fi òróró gbígbóná dín níwájú àwọn ọmọ tó ń sáré kiri lọ. Ẹ kàn po ògì.

Ìlọrin ni iṣẹ́ ìrẹsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún èèyàn mẹ́jọ: ìrẹsì agolo mílíìkì mẹ́fà, tòmátì ńlá mẹ́fà, tàtàṣé mẹ́rin, ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà méjì. Ẹ lọ̀ ọ́ nílé, ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ sọ ọ́ di yìnyín nínú fíríìsà. Adìyẹ náà, ẹ bọ̀ ọ́ nílé tán. Omi rẹ̀ ni ẹ ó fi se ìrẹsì. Yìnyín ata yẹn á máa mú inú kúlà tutù títí di Sátidé bí ẹ kò bá ń ṣí i ṣáá.

Ní orí ààrò, ẹ fi òróró tí kò kún agolo kan dín àlùbọ́sà, ẹ da ata sí i, ẹ dín in fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí iná tó le. Ọwọ́ iná ṣì láyè níbí. Ẹ da omi adìyẹ, iyọ̀, kọ́rì àti táìmù sí i. Nígbà tó bá hó, ẹ da ìrẹsì tí ẹ ti fọ̀ sí i. Kí omi náà ga dé ojú ìrẹsì gẹ́lẹ́, kó má bò ó. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba a jẹ́ nìyí: ẹ fa gbogbo igi tó ń jó kúrò. Ẹyin iná nìkan ni kó kù lábẹ́. Ẹ fi fọ́ìlì bo ẹnu ìkòkò, ẹ dé e, ẹ wá fi ẹ̀mú kó ẹyin iná mélòó kan lé orí ọmọrí irin náà. Ooru á máa ti òkè àti ìsàlẹ̀ wá. Ìṣẹ́jú 30 sí 35, ẹ má ṣí i, bó ti wù kí òórùn rẹ̀ pè yín tó.

Bí òkè bá ṣì le nígbà tí ìdí ti ń jó, ẹ má rò ó pọ̀ o, nítorí adùn jíjóná tó wà nísàlẹ̀ á gòkè di ìkorò. Ẹ wọ́n omi gbígbóná ṣíbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tún fọ́ìlì náà bò, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí ààrò sórí eérú gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Jíjóná díẹ̀ nídìí ìkòkò kò burú. Ohun tí àwọn èèyàn ń wá kiri níbi ìnáwó nìyẹn.

Wàrà ni ti Ìlọrin. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń fi oje bọmubọmu mú dì kì í yọ́ bí iná bá rà á, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé sun. Àárọ̀ Jímọ̀ ni kí ẹ rà á, kí ẹ gbé e pẹ̀lú omi rẹ̀ nínú kúlà, kí ẹ tún fi omi oníyọ̀ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ Sátidé, torí ó máa ń tètè kan. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé e sáàárín aṣọ mímọ́ méjì, ẹ gbé ohun tó wúwo lé e fún wákàtí méjì kí omi rẹ̀ fún jáde. Èyí tí omi kò tán lára rẹ̀ á máa já bọ́ lórí igi. Ẹ gé e ní ìwọ̀n àtàǹpàkò, ẹ fi ata, iyọ̀ àti òróró díẹ̀ pa á, ẹ gún un mọ́ igi súyà tó ti wà nínú omi fún ìdajì wákàtí. Ìṣẹ́jú méjì-méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan lórí ẹyin iná tó gbóná dáadáa. Èyí ni ẹ fi ń fún àwọn ọmọ níṣẹ́: ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́jọ lè di igi tirẹ̀ mú, ní ìjókòó, kì í ṣe ní ìdúró.

Ẹ ṣọ́ wọn nídìí kóró kajú. Ti ọdún tó kọjá máa ń wà nílẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n á sì fẹ́ jù ú síná. Epo inú èèpo rẹ̀ ń ta, ó ń bó ara, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú àti ọ̀fun. Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin adìyẹ, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Nítorí èyí, ẹ má fi píọ̀ wọ́tà mọ sí ti mímu. Àpò kan tó ní ogún ọ̀rá jẹ́ lítà mẹ́wàá péré. Ẹ gbé mẹ́rin, kí kẹ́ẹ̀gì omi kànga méjì sì wà lọ́tọ̀.

Ní agogo méjì òru, nígbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an, ọgbọ́n kan máa ń wá sọ́kàn àgbàlagbà: kí á bu ẹyin iná díẹ̀ sínú àwo irin kí á gbé e wọ àgọ́. Ẹ má dán an wò. Ẹyin iná tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò lóòórùn, kò ta ojú, oorun ni ó sì fi ń pa èèyàn. Ìbora kejì ni oògùn òtútù. Bí kò bá tó, ilé wà lẹ́yìn yín, ẹ wọlé.

Kí ẹ tó sùn, ẹ pa iná náà tán. Yanrìn nìkan kò tó, ẹyin iná lè wà láàyè lábẹ́ rẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, oko kajú tí iná ọyẹ́ ti jó kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìròyìn lágbègbè wa. Ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí kò fi ní ṣe ṣàà mọ́. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn. Bí ó bá ṣì móoru, kò tíì kú.

Ohun tó kù báyìí ni ìṣó onínṣì mẹ́fà, fọ́ìlì, àti ẹ̀mú tí wọ́n yá lọ tí wọn kò tíì dá padà. Ọjọ́rú la máa lọ ata.